Bátìrì Inú Rédíò Bàbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí kò yọ oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rédíò, tàbí àtùpà, tàbí agogo tí ń dún fúnra rẹ̀, bó pẹ́ bó yá, yóò kan ìbéèrè kan tí ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan: irú bátìrì wo ni yóò máa bọ́ ohun tí òun ṣe yìí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ìbéèrè náà sí ìgbẹ̀yìn. Wọn a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta to wáyà, wọn a sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ra bátìrì. Bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì ni oúnjẹ ohun tí wọ́n ṣe. Bí iṣẹ́ ti wù kí ó dára tó, bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá bá a lára mu, yóò kú mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó dojú kọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Bàbá rẹ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé ní ìlú kékeré kan ní Èkìtì. Àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glókómà ti jí ìríran bàbá gbé díẹ̀díẹ̀, títí ojú fi ṣókùnkùn pátápátá. Òótọ́ ni pé ojú lọba ara, ṣùgbọ́n bí ọba bá wàjà, ẹnì kan ní láti dúró bí adelé. Etí ni ó di adelé fún bàbá yìí. Rédíò di ìwé ìròyìn rẹ̀, ó di ojúlùmọ̀ rẹ̀, òun náà ni ó sì ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́.

Rédíò tí bàbá ń lò nígbà náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn rédíò pẹlẹbẹ tí ó kún inú àwọn ọjà wa lóde òní. Bátìrì rẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yọ. Wáyà ni wọ́n fi ń ṣáàjì rẹ̀. Bí ó bá ń gba iná, iná pupa a tàn lára rẹ̀. Bí ó bá yó, iná pupa a di aláwọ̀ ewé. Ohun tí ó dára ni fún olójú. Ṣùgbọ́n kí ni pupa, kí sì ni àwọ̀ ewé, fún ẹni tí kò ríran? Iná mànàmáná pàápàá kì í sábà dúró ní ìlú náà. Rédíò a máa sọ̀rọ̀ geere, a sì dákẹ́ lójijì bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu. Bàbá a gbọ̀n ọ́n, a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, a sì gbé e sílẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń kéde òkú. Bàbá gbọ́ orúkọ ẹnì kan tí òun àti rẹ̀ jọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n jọ gbé yàrá kan, tí wọ́n sì jọ ń mu gààrí nínú abọ́ kan. Ó gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ olóògbé. Kí olùkéde tó dé orí ọjọ́ àti ibi tí ìsìnkú yóò ti wáyé, rédíò dákẹ́. Iná kò sí ní ìlú. Ọjọ́ kẹta ni iná tó dé. Nígbà tí ìròyìn yóò fi gba ẹnu èrò dé ọ̀dọ̀ bàbá, wọ́n ti sin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí ó sọ kò ju pé, “Wọn yóò máa sọ pé n kò wá.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ rẹ̀ gbọ́ tí ó fi pinnu pé òun yóò fi ọwọ́ òun ṣe rédíò kan tí kò ní dá bàbá lóhùn kù mọ́. Ó ti mọ bí wọ́n ti ń fi òjé jó wáyà pọ̀. Ó ní àwo rédíò FM kékeré kan, ó ní gbohùngbohùn tí ó tú láti inú rédíò àlòkù, ó sì ní pákó tí yóò fi kan àpótí. Bátìrì ni ó kù.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ó gbé àwọn ẹrù yìí dání lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó ń ṣòwò ní Onitsha. Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ Yorùbá wá gbọ́dọ̀ sọdá Odò Ọya kí ó tó wọ ìlú náà. Afárá àkọ́kọ́, tí wọ́n parí ní 1965, ni ó so Asaba mọ́ Onitsha. Ogun abẹ́lé bà á jẹ́ ní 1967, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí afárá kejì ní 2023. Odò yìí àti afárá orí rẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ Onitsha di ìlú ọjà. Ọjà Relief jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà ìlú náà, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì júwe fún un.

Ó yẹ kí á mẹ́nu ba ìtàn bátìrì díẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ìpilẹ̀ ohun kan kò lè mọ ìyàtọ̀ àárín àwọn ọmọ tí ohun náà bí. Ní 1800 ni Alessandro Volta, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, fi han ayé pé bí a bá to àwo sínkì àti àwo irin mìíràn léra, bíi bàbà tàbí fàdákà, tí a sì fi aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn, iná yóò máa ṣàn láti inú wọn. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, fóòtì, ti wá. Ní 1866, Georges Leclanché ti ilẹ̀ Faransé ṣe irú bátìrì kan tí ó lo sínkì àti èédú, ṣùgbọ́n olómi ni, ẹni tí ó bá gbé e gbọ́dọ̀ rọra rìn. Carl Gassner, ará Jámánì, ni ó sọ ọ́ di gbígbẹ ní 1886. Láti ìgbà náà ni ènìyàn ti lè ki bátìrì bọ àpò.

Ọmọ Gassner ni òkúta tọ́ọ̀ṣì tí gbogbo wa mọ̀. Agolo sínkì ni ara rẹ̀. Ọ̀pá èédú ni ó dúró láàárín. Ìyẹ̀fun dúdú ni ó yí ọ̀pá náà ká. Àwọn olùkọ́ tí ó ti dàgbà yóò rántí pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú yìí ni àwọn ọmọ ń lọ̀ mọ́ ewé láti fi kun pátákó ìkọ̀wé. Bátìrì tí ó ti kú nínú rédíò a tún jí dìde lára ògiri kíláàsì.

Rédíò náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí ètò Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, wáyà ni wọ́n fi ń gbé ohùn wọ inú ilé. Àpótí tí ó wà lára ògiri kò nílò bátìrì, ṣùgbọ́n kò lè kúrò lára ògiri náà. Ó ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá a lóhùn. Abájọ tí àwọn baba wa fi sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní 1949, ilé-iṣẹ́ Ever Ready, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ bátìrì ṣíṣe, ṣe rédíò kan fún àwọn ará Northern Rhodesia, èyí tí a mọ̀ sí Zambia lónìí. Saucepan Special ni wọ́n pè é, nítorí pé ó rí roboto bí ìkòkò ìsebẹ̀. Àwọn tí kò ní iná mànàmáná ni wọ́n ṣe é fún, bátìrì ni ó sì ń lò. Ní 1954 ni rédíò alápò tí ó ń lo tìràǹsísítọ̀ kọ́kọ́ jáde fún títà ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni rédíò ti gba òmìnira lọ́wọ́ wáyà, tí ó sì ti di ẹrú bátìrì.

Ní ọjà Relief, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí dúró níwájú ìsọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Nígbà tí ó gbọ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó dá Yorùbá sí i lẹ́nu. Ó ti ṣe ọmọṣẹ́ ní ọjà Aláàbà ní Èkó fún ọdún púpọ̀ kí ó tó padà wá sílé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o.”

“O káàbọ̀, àbúrò. Kí ni kí n bá ọ mú?”

“Bátìrì ni mo fẹ́, fún rédíò tí mo ń ṣe. Èyí tí ó dára jù lọ ni kí ẹ fún mi.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àbúrò, kò sí èyí tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá bi mí pé mọ́tò wo ni ó dára jù lọ, èmi náà yóò bi ọ́ pé ibo ni ò ń lọ. Rédíò yìí, ta ni yóò máa lò ó?”

“Bàbá mi ni.”

“Bí bátìrì bá kú, ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. “Àwọn náà ni. Àwọn nìkan ni wọ́n sábà máa ń wà nílé. Ojú wọn kò sì ríran mọ́.”

Ọlọ́jà náà gbé bátìrì tí ó ti mú lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ padà sínú páálí. “Nígbà náà,” ni ó wí, “jẹ́ kí á tún ọ̀rọ̀ yìí gbé yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.” Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Oríṣi bátìrì mẹ́rin ni wọ́n tò sórí pákó. Èkíní ni bátìrì lítíọ́mù olóbìírí, irú èyí tí ó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà àgbélétan. Ilé-iṣẹ́ Sony ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà ní 1991, àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ìmọ̀ rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Fóòtì 3.7 ni ó ń mú wá, ó fúyẹ́, ènìyàn sì lè ṣáàjì rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà tọ́ka sí ọ̀kan tí wọ́n tẹ 9900 mAh sí lára. “Irọ́ ni eléyìí ń pa,” ni ó wí. Òótọ́ ni ó sọ. Bátìrì oníwọ̀n yìí, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 65, kì í sábà ju nǹkan bí 3500 mAh lọ. Ojúlówó rẹ̀ a máa wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 45. Ọ̀pọ̀ ayédèrú a fúyẹ́ bí ìgbá òfìfo. Lẹ́yìn èyí, lítíọ́mù kò fẹ́ àṣejù. Bí iná tí wọ́n ń gbà sí i bá kọjá fóòtì 4.2, tàbí bí orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ bá fi ara kan irin kan náà, ó lè gbiná.

Èkejì ni bátìrì olójèé tí ó jẹ́ fóòtì 6, èyí tí ó máa ń wà nínú àwọn àtùpà tí a ń ṣáàjì. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1859, ìdílé kan náà ni òun àti bátìrì mọ́tò ti wá. Ó lágbára, kò sì gbówó lérí jù. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ ebi. Bí wọ́n bá lò ó tán tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìṣáàjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Ní ìlú tí iná mànàmáná ti ń ṣe bí àlejò, ebi yóò pa irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kú.

Ẹ̀kẹta ni òkúta kéékèèké tí wọ́n ń pè ní AA. Ẹ̀kẹrin ni òkúta ńlá tí wọ́n ń pè ní D. Ìdílé sínkì àti èédú ni àwọn méjèèjì tí wọ́n wà lórí pákó yẹn, fóòtì 1.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń mú wá nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í mú. Wọn a rò pé bí bátìrì bá ti tóbi sí i ni fóòtì rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi fóòtì wé bí táǹkì omi ti ga tó, kí á sì fi mAh wé iye omi tí ó wà nínú rẹ̀. Táǹkì méjì lè wà lórí òpó tí ó ga bákan náà, kí ọ̀kan jẹ́ kèrègbè, kí èkejì jẹ́ àmù. Omi wọn yóò tú jáde pẹ̀lú agbára kan náà, ṣùgbọ́n kèrègbè yóò gbẹ kí àmù tó lọ sí ìlàjì.

Bí a bá to bátìrì mẹ́rin tẹ̀ lé ara wọn, tí orí ọ̀kan kan ìdí èkejì, fóòtì wọn yóò ro pọ̀ di 6, ṣùgbọ́n mAh wọn yóò dúró bí ti ẹyọ kan. Bí a bá so orí mọ́ orí tí a sì so ìdí mọ́ ìdí, fóòtì yóò dúró sí 1.5, mAh ni yóò ro pọ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí ti mọ ìlàjì ọ̀rọ̀ bátìrì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi míta wo iye iná tí rédíò rẹ̀ ń jẹ nígbà tí ohùn rẹ̀ bá lọ sókè tó bí bàbá ti fẹ́ ẹ. Ó jẹ́ 60 mA. Bàbá ń gbọ́ rédíò fún nǹkan bíi wákàtí 5 lóòjọ́. Ó mú bírò, ó ṣe ìṣirò sẹ́yìn páálí. Bí AA oníṣínkì bá ní 600 mAh, 600 tí a pín sí ọ̀nà 60 jẹ́ wákàtí 10: ọjọ́ 2 péré. Bí D irú rẹ̀ bá ní 6000 mAh, 6000 tí a pín sí ọ̀nà 60 jẹ́ wákàtí 100: ọjọ́ 20. Iye owó D kò sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ti AA. Ìṣirò yìí nìkan ti yọ AA kúrò lórí pákó.

Ó ku lítíọ́mù àti D. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò físíìsì ni, lítíọ́mù ni ìbá gba ipò kìn-ín-ní. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ti fẹ́ kí ó jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà náà bi í ní ìbéèrè kan sí i: “Báwo ni bàbá yóò ṣe mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí iná tán?”

Ìbéèrè yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Bátìrì lítíọ́mù a máa di agbára rẹ̀ mú ṣinṣin fún ìgbà pípẹ́. Fóòtì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó tán. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré tí ń dáàbò bò ó yóò já iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó pa rédíò bàbá lẹ́nu mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ ìkéde òkú nìyẹn. Rédíò náà kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe bátìrì rẹ̀ ni ó hù níwà. Òkúta oníṣínkì kò rí bẹ́ẹ̀. Láti wákàtí àkọ́kọ́ ni fóòtì rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀, láti 1.5 sí 1.3, sí 1.1, títí yóò fi sún mọ́ 0.9. Àwọn oníṣirò a máa ka èyí sí àbùkù. Ṣùgbọ́n bí fóòtì ti ń rẹlẹ̀ ni ohùn rédíò ń rẹlẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn olùkéde a máa tẹ̀, orin a máa ha, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó dákẹ́ pátápátá.

Ọlọ́jà náà fi ọ̀rọ̀ kan parí rẹ̀. Ó gbé òkúta ńlá náà sókè, ó ní, “Èyí a máa dágbére kí ó tó lọ.” Ó tọ́ka sí lítíọ́mù, ó ní, “Èyí kì í dágbére.”

Ohun tí ó kù kò ṣòro mọ́. Gbogbo ìsọ̀ kékeré tí ó wà ní ìlú bàbá ni wọ́n ti ń ta òkúta ńlá. Orí rẹ̀ yọ gọngọ, ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìka ọwọ́ sì lè mọ ìyàtọ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ ojú. Wọ́n yẹ òkúta tí ó fẹ́ rà wò kí ó tó sanwó. Míta nìkan a máa tan ènìyàn jẹ, nítorí pé bátìrì tí ó ti gbó lè fi 1.4 hàn nígbà tí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀. Ọlọ́jà fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wo míta bí gílóòbù ti ń tàn. Èyí tí fóòtì rẹ̀ já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n yà á sọ́tọ̀. Bí ènìyàn kò bá tíì gbé ẹrù lé ẹnì kan lórí, kì í mọ bí ọrùn rẹ̀ ti le tó.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé irú ọgbọ́n báyìí kò tó nǹkan. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sierra Leone, ọmọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kelvin Doe, ẹni tí wọ́n bí ní 1996. Ó fẹ́ iná fún àwọn ohun èlò tí ó ń ṣe, ṣùgbọ́n kò ní owó bátìrì. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 13, ó kó ásíìdì, sódà àti irin sínú agolo, ó fi téépù wé e, ó sì di bátìrì. Láti inú ohun tí àwọn ènìyàn dà nù sí ààtàn ni ó tún ti ṣe ilé-iṣẹ́ rédíò FM kékeré fún àdúgbò rẹ̀. Ní 2012, ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gbà á lálejò kí ó wá bá wọn ṣiṣẹ́. Ohun tí ó mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ìyanu wò ó ni pé ó mọ ohun tí àdúgbò rẹ̀ ṣe aláìní, ó sì wá oúnjẹ tí ó bá ohun tí ó ṣe mu láàárín ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Kì í ṣe pé kí gbogbo ọmọdé máa po ásíìdì nínú agolo, nítorí ásíìdì a máa jẹ awọ, a sì máa fọ́ ojú. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àìní kò dí ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ronú lọ́nà.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà sílé, ó kan àpótí rédíò náà. Ó to ilé bátìrì gbọọrọ bí inú tọ́ọ̀ṣì, kí òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè kọjú sí ibì kan náà, kí ó má sì sí pé ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ó ri irin tí yóò kan orí bátìrì sínú ihò kékeré kan, tó bẹ́ẹ̀ tí orí gọngọ nìkan lè dé ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ki bátìrì bọ̀ ọ́ lódì, ìdí pẹrẹsẹ kò ní lè kan irin. Rédíò kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní bàjẹ́. Ó sì kọ́ bàbá ní òfin mẹ́ta. Èkíní, kí wọ́n má ṣe po òkúta tuntun mọ́ ti àtijọ́, nítorí pé èyí tí ó lágbára yóò máa ti èyí tí ó rẹ̀ títí omi yóò fi jáde lára rẹ̀. Èkejì, bí wọn kò bá ní lo rédíò fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n yọ òkúta kúrò, nítorí pé agolo sínkì a máa jẹ ara rẹ̀, omi rẹ̀ yóò sì ba irin jẹ́. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má ṣe ju òkútà tí ó ti kú sínú iná, nítorí ó lè bú.

Bàbá bi í nípa sísá òkúta sínú oòrùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ kò bú àṣà náà. Ó ṣàlàyé pé ooru a máa ta ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú bátìrì jí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tí ó ti jó tán padà. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni ara àgbà náà ti rí nínú oòrùn òwúrọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ohùn rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún bàbá. Ó rán ọmọ aládùúgbò lọ ra òkúta mẹ́rin, ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, iná lọ ní gbogbo ìlú. Bí àwọn olójú ti ń táràrà wá tọ́ọ̀ṣì kiri ilé, bàbá jókòó létí ibùsùn rẹ̀, ó yọ ti àtijọ́, ó fi ìka wá orí gọngọ ti tuntun, ó tì wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó rí tọ́ọ̀ṣì, rédíò ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kéde òkú. Bàbá gbọ́ orúkọ, ó gbọ́ ọjọ́, ó sì gbọ́ ibi tí wọn yóò ti ṣe ìsìnkú. Kì í ṣe ẹni tí ó mọ̀ rí, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ dé òpin.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni ní ohun tí a lè rí kọ́ lára ọlọ́jà inú ọjà Relief. Ìwé tí a ń yàn fún kíláàsì, ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọmọ, ohun èlò tí a ń gbé dání wọ inú yàrá ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ni ènìyàn lè fi ìwọ̀n wọ̀n, kí ó sì sọ èyí tí ó ga jù lórí bébà. Ṣùgbọ́n kí á tó sanwó, ó yẹ kí á kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí ó béèrè: ta ni yóò lò ó, báwo ni yóò sì ṣe mọ̀ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó tán? Ohun tí ó yẹni ni ó yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ.